Al-Amin, Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ọ̀dínátẹ̀ Àwọn Aláìmoore

Ẹ̀gbọ́n mi kú ní oṣù kẹta, nígbà tí kajú ń já. Ejò ló bù ú ṣán. Mi ò ní fà á gùn.

Àwọn kan ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Wọn ò fojú kàn án rí. Ọ̀kan wà ní Faransé, ọ̀kan wà ní Kánádà, àwọn tó kù wà níbi tí mi ò mọ̀. Orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó kú, wọ́n fi ojú kékeré aláwọ̀ ìyeyè tó ń sunkún ránṣẹ́. Ó lé ní igba. Àwọn mìíràn fi mẹ́ta mẹ́ta ránṣẹ́, kó lè hàn pé ẹkún tiwọn ju ti ẹlòmíì lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bá wa bu erùpẹ̀ sí sàréè. Wọ́n ní kí n kọ pé akọni ni. N ó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni n ó ṣe kọ ọ́, n ó sì kọ ọ́ ní èdè tí wọn ò gbọ́.

Èmi ni Wahab, àbúrò tó tẹ̀ lé e. Ìyá kan, bàbá kan. Ọmọ Manigri ni wá. Iṣu àti kajú là ń gbìn. Nígbà tí bàbá wa kú, mo wà ní CM1, ọdún karùn-ún ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun wà ní kọlẹ́ẹ̀jì ní Bassila. Ẹnì kan ní láti kọ ebè. Orí rẹ̀ dáa ju tèmi lọ, gbogbo agbo ilé ló mọ̀. Mo gbé ọkọ́. Nígbà tí mo dàgbà, mo ra máṣíìnì, mo ń fi gbé èrò láàárín Manigri àti Bassila. Iṣẹ́ zẹ́mì, ọ̀kadà àwọn ará Nàìjíríà. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn: ebè, àti ojú títì.

Al-Amin lọ sí yunifásítì ní Parakou. Ọdún méjì ló ṣe níbẹ̀. Ó padà wálé láìní ìwé ẹ̀rí, pẹ̀lú ọ̀dínátẹ̀ àlòkù kan, ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kọ̀ǹpútà. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti yí. Àwọn kan ní ìyàwó oníyàwó ló lọ fọwọ́ kàn. Àwọn tí kò kọjá Pénéssoulou rí ló ń ṣàlàyé Parakou fún wa.

Èmi nìkan ló sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún. Sibẹ́ẹ̀ kan wà ní Parakou, ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lo ẹ̀rọ. Ẹni tó ni ibẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń wọ inú lẹ́tà àwọn oníbàárà rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ka lẹ́tà ọmọbìnrin kan sókè, èyí tí ọmọ náà kọ sí ọkùnrin tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo sibẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Kò wá sí yunifásítì mọ́.

Mo bi í pé, "Kí lẹ̀yin wá ṣe?"

Ó ní, "Èmi náà rẹ́rìn-ín."

Kò tún mẹ́nu kàn án mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó pa á.

Àbúrò bàbá wa, Aláájì Fataou, pè é lọ́jọ́ kan níwájú gbogbo ilé. Tọ́ńtọ̀n là ń pè é.

"Al-Amin, iṣẹ́ wo lò ń ṣe gan-an?"

"Mò ń tún Linux ṣe, Tọ́ńtọ̀n."

"Ọmọ ta ni? Kí ló ṣe é tí kò sàn látọdún yìí wá?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Al-Amin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Gbogbo ọ̀dínátẹ̀ ló ní ohun tó ń mú un ṣiṣẹ́, bí ẹ̀mí nínú ara. Linux jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni lè mú un, kó tún un ṣe bó ṣe wù ú. Mo mú tèmi, mo tún un ṣe kí olè má lè wọlé."

"Àwọn tó ń lò ó ńkọ́, kí ni wọ́n ń fún ọ?"

"Ẹ̀sùn."

"Kí ni?"

"Ẹ̀sùn, Tọ́ńtọ̀n. Wọ́n ń mú un wá lójoojúmọ́."

Ó sọ Linux tirẹ̀ yẹn ní Àká, nítorí inú àká là ń kó iṣu sí kí ẹran má bàa rí i jẹ. Ọdún mẹ́jọ ló fi ṣọ́ ọ. Àwọn tó ń lò ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin káàkiri ayé. Àwọn akọ̀ròyìn wà níbẹ̀, àwọn lọ́yà, àwọn tó ń sá fún ìjọba wọn. Àwọn mìíràn kò ní nǹkan kan tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́, wọ́n kàn fẹ́ kí aráyé rò pé àwọn ní. Àwọn yẹn ló pọ̀ jù.

Ẹ wá wo ẹ̀sùn wọn. Ọ̀kan ní ojú ẹ̀rọ dúdú jù. Al-Amin tún un ṣe. Òmíràn ní ó ti funfun jù. Ọ̀kan kọ ìwé tó gùn ju wàásù Jímọ̀ lọ, ó ní bí wọn ò bá dá bọ́tìnnì kan padà sí àyè rẹ̀, òun á fi Àká sílẹ̀. Al-Amin fi sùúrù dá a lóhùn. Kò lọ. Irú wọn kì í lọ.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ."

Ó ní, "Wahab, ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í mọ ọ̀rọ̀ sọ."

Òmùgọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi lórí ọ̀rọ̀ èèyàn. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀. Mo tún ń sọ ọ́ báyìí tí kò sí mọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ọ̀dínátẹ̀ méjì ló ní. Ọ̀kan wà ní Bassila, ní yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Kamarou tó ń tún pòtábù, ìyẹn fóònù, ṣe, nítorí rézò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì, dáa níbẹ̀. Èkejì wà nílé wa ní Manigri. Ti Manigri yìí, ó tú ikùn rẹ̀, ó yọ ohun tó ń gba rézò, ó fi òkúta fọ́ ọ. Kò sí ọ̀nà kankan tí olè lè gbà láti òkèèrè wọ inú rẹ̀. Inú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ Àká wà. Kọ́kọ́rọ́ yìí kì í ṣe irin. Nọ́ńbà gígùn kan ni, tí gbólóhùn kan sì ń ṣí i. Èdè Nago ti Manigri ni gbólóhùn náà, bí ìyá bàbá wa ṣe máa ń sọ ọ́. Ará Lagos ò lè ronú kàn án, ará Bassila pàápàá ò lè ronú kàn án. Al-Amin sọ ọ́ fún èmi nìkan. Iṣẹ́ tuntun, ìyẹn àtúnṣe sí Àká tí àwọn olùrànlọ́wọ́ òkèèrè ń ṣe, tí a kò bá fi kọ́kọ́rọ́ yẹn fọwọ́ sí, kò sí ọ̀dínátẹ̀ Àká kan láyé tó máa gbà á.

Èmi ni mo wà láàárín àwọn ọ̀dínátẹ̀ méjèèjì. Iṣẹ́ tuntun á dé sí Bassila. Wọ́n á kó o sí klé, ike kékeré kan bí ìka ọwọ́. Èmi á fi klé sí àpò, mo ń bọ̀ ní Manigri lórí máṣíìnì. Al-Amin á fọwọ́ sí i, èmi á gbé e padà lọ Bassila, wọ́n á tú u sáyé. Mo máa ń gbé obìnrin kan àti adìyẹ rẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, ohun tí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn ń dúró dè á sì wà nínú àpò ṣòkòtò mi.

Ṣùgbọ́n kì í kàn fọwọ́ sí i lásán. Gbogbo iṣẹ́ ló ní ìlà. Al-Amin ló pè é bẹ́ẹ̀, bí ìlà ojú àwọn bàbá wa tó ń sọ ọmọ ẹni téèyàn jẹ́. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni, Faransé la sì fi ń kà á: sẹ́ẹ̀tì ni méje, katíríì ni mẹ́rin. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan ibi kékeré nínú iṣẹ́ náà, gbogbo ìlà yẹn á yí padà. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ á fi ẹnu ka ìlà rẹ̀ fún wa lórí pòtábù, a ó kọ ọ́ sí bébà. Nígbà tí klé bá dé, ọ̀dínátẹ̀ Manigri á fún wa ní ìlà tó rí. Èmi á ka ti bébà sókè, òun á máa wo ti ojú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà a ó pàrọ̀ ipò. Òfin rẹ̀ ni pé iṣẹ́ àti ìlà kì í gba ọ̀nà kan náà, àti pé ẹnu kan kì í dá ìlà kà. Ìgbà mélòó ni mo ti kà á tí oúnjẹ ń tutù! Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó bára mu láná, ó bára mu níjẹta." Á ní, "Kà á."

Nínú gbogbo àwọn tó ń lo Àká, ẹnì kan ni mi ò kórìíra. Tàǹtí Awaou ni, aránṣọ kan ní Bassila. Àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù máa ń wá sí atẹlíẹ̀ rẹ̀, ibi tó ti ń ránṣọ, láti Doguè, láti Pénéssoulou, láti ọ̀dọ̀ wa náà. Wọ́n á ṣe bí ẹni tó wá wọn aṣọ. Ó ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀: orúkọ, ọjọ́, ibi tí egungun ti dá. Ó ń kó o jọ fún ọjọ́ tí adájọ́ kan á fẹ́ gbọ́. Inú Àká ló ń kó o sí. Àwọn ọkọ kan ti fọ́ fèrèsé atẹlíẹ̀ rẹ̀ rí, wọ́n gbé ọ̀dínátẹ̀ rẹ̀ lọ, wọn ò rí nǹkan kan kà nínú rẹ̀. Tàǹtí Awaou ò sọ̀rọ̀ nípa bọ́tìnnì rí.

Ọjọ́ Àlàrùbá ni Al-Amin kú. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń pariwo lórí ẹ̀rọ pé iṣẹ́ tuntun ti pẹ́. Ọ̀kan kọ ọ́ pé bí kò bá dé lónìí, ẹ̀mí èèyàn wà nínú ewu. Al-Amin fọwọ́ sí i. Mo gbé e lọ Bassila. Rézò ń fà bí ìgbín lọ́jọ́ yẹn. Mo jókòó tì í. Al-Amin mú apẹ̀rẹ̀, ó lọ ṣa kajú. Paramọ́lẹ̀ wà lábẹ́ ewé gbígbẹ.

Ìyá mi pè mí. Máṣíìnì kan ṣoṣo tó wà nílé wa wà lábẹ́ mi ní Bassila. Àwọn aládùúgbò ti gbé tiwọn lọ oko. Mo sáré padà. A gbé e sẹ́yìn mi, Tọ́ńtọ̀n Fataou dì í mú. A kò tíì dé ọsibítù Bassila tí Tọ́ńtọ̀n fi ní kí n dúró. Mi ò dúró. Ó tún ní kí n dúró.

Ẹni tó ní ẹ̀mí èèyàn wà nínú ewu, mo wádìí ohun tó ń lo Àká fún. Orin ló ń kó pamọ́ síbẹ̀.

Ní àdúà ọjọ́ kẹjọ, Kamarou ti Bassila wá. Ó gbé àpò ìrẹsì kan. Òun ni ó ń pe ara rẹ̀ ní ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo Àká ní Bassila. Èèyàn méje ni wọ́n, mẹ́fà wọn ló ní oyè. Ó wọ bùbá funfun, ó dìde láàárín àwọn àlùfáà.

"Al-Amin kò kú! Ó wà láàyè nínú gbogbo ọ̀dínátẹ̀ wa!"

Ìyá mi gbójú sókè wò ó. Ó ní, "Kó jáde níbẹ̀ kó wá jẹun."

Kamarou jókòó.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń túká, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Wahab, àbúrò mi, ìṣòro wà. Wọ́n rí ihò kan lára Àká. Olè lè gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn ọ̀gá lókè òkun ti ṣe iṣẹ́ tó máa dí i. Òun ló wà nínú klé yìí. O mọ gbólóhùn yẹn, àbí? Fọwọ́ sí i. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà gbé ọ̀dínátẹ̀ yẹn wá fún mi, kó o lọ sinmi. Ìwọ kì í ṣe oníwèé, wọn ò gbọ́dọ̀ di ẹrù yìí lé ọ lórí."

Mo gba klé lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyí: kí n fọwọ́ sí i, kí n gbé gbogbo rẹ̀ fún un, kí n má tún gbọ́ orúkọ Àká láyé mi mọ́. Kí olè kó gbogbo orin wọn lọ. Kí ni tèmi níbẹ̀?

Mo tan ọ̀dínátẹ̀ Manigri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Oumou, ìyàwó Al-Amin, wà nínú yàrá tó kọjú sí i. Ó ń jókòó opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Kò gbọ́dọ̀ jáde, ọkùnrin ò sì gbọ́dọ̀ bá a jókòó. Èmi ló yẹ kí n jìnnà sí i jù, nítorí àwọn àgbà ti ń wojú mi bí ẹni tí wọ́n máa ní kó ṣú u lópó. Aṣọ dúdú kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn ẹ̀rọ.

"Ọkọ mi kékeré, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé.

"Iṣẹ́ àwọn aláìmoore yẹn ni. Mo fẹ́ fọwọ́ sí i, kó tán."

"Ẹ ti ka ìlà rẹ̀?"

"Ta ni n ó bá kà á? Ẹni tí mò ń bá kà á ti wà nínú ilẹ̀."

Mo gbọ́ tí bébà ń dún lẹ́yìn aṣọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Pòtábù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi níbí. Ẹnì kan pè é láàárọ̀ àná. Ó ní Eku Dúdú lòun ń jẹ́. Ó sunkún. Ó ní òun ló dí ihò kan, òun fẹ́ ka ìlà rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀."

Eku Dúdú! Ọ̀kan nínú orúkọ ẹranko tí wọ́n ń sọ ara wọn lórí ẹ̀rọ nìyẹn. Ọmọdé ni mo ti ń rò pé ó jẹ́. Oumou ní àgbàlagbà ni, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, Faransé rẹ̀ jọ ti olùkọ́ àtijọ́.

Mo ní, "Oumou, ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ ẹ̀yin nìkan?" Ohùn rẹ̀ le. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì ń pariwo nọ́ńbà bí ọmọ kéú. Oúnjẹ mi ń tutù, ẹ̀ ń ka sẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ ń ka katíríì. Mo kórìíra rẹ̀ ju bí ẹ ṣe kórìíra rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tó fọwọ́ sí i láìkà á. Ṣé orí òkú rẹ̀ lẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

Mo yọ ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ìyá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń yan èkùrọ́. Ó ní, "Aṣọ wà láàárín yín, èmi náà wà níbí. Ẹ kà á. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó wá sọ ọ́ fún mi."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó. Oumou wà lẹ́yìn aṣọ pẹ̀lú bébà, mo wà níwájú ẹ̀rọ.

Ó ní, "Sẹ́ẹ̀tì."

Mo wo ojú ẹ̀rọ. B ló wà níbẹ̀.

Mo ní, "Rárá."

"Sẹ́ẹ̀tì ni mo kọ. A ló tẹ̀ lé e. Katíríì."

"B ni tèmi. Kò sí ẹyọ kan tó bára mu."

A pàrọ̀ ipò. Èmi ka ti ojú ẹ̀rọ, òun wo bébà. Kò bára mu. Oumou fi pòtábù pe Eku Dúdú padà, arúgbó yẹn tún gbogbo rẹ̀ kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìkan-ìkan. Bébà Oumou pé pérépéré. Ohun tó wà nínú klé Kamarou kì í ṣe ohun tí Eku Dúdú ṣe.

Ìgbà yẹn ni inú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Kì í ṣe nítorí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin yẹn. Ìfọwọ́sí Al-Amin ni wọn ì bá rí lórí ìdọ̀tí náà. Òkú ẹ̀gbọ́n mi ni ì bá ṣílẹ̀kùn fún olè.

Mo gun máṣíìnì. Kamarou wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń mu tíì. Ó dìde, ó na ọwọ́.

"Àbúrò mi! O ti fọwọ́ sí i?"

"Ìlà rẹ̀ ò bára mu."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìlà? Ìwọ Wahab ti CM1? Ta ló bá ọ kà á, ewúrẹ́?"

"Opó."

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó mọ òfin ẹnu méjì dáadáa. Ó ti ṣírò rẹ̀: ẹnu kan ti kú, ìkejì ò kàwé. Opó tó wà lẹ́yìn aṣọ, kò kà á mọ́ èèyàn.

"Wahab, jókòó. Kì í ṣe bí o ṣe rò ó. Gbogbo ayé kọ́ ló wà fún. Ọ̀dínátẹ̀ kan ṣoṣo ni, ti Awaou. Ọkùnrin ńlá kan fẹ́ mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ lọ sọ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan a ó dí ihò náà, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

"Kí ló ṣèlérí fún ọ?"

Mi ò pè é ní ẹ̀yin mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ó gbọ́ ọ. Ó wo ilẹ̀.

"Wọ́n ní àwọn á fi mí sí kọ́mítì."

"Kọ́mítì kí ni?"

"Wọn ò tíì sọ."

Mo dúró, mo wò ó. Mo ti rò pé mo máa lù ú. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í lu irú nǹkan báyẹn. Ó fẹ́ fi egungun àwọn obìnrin ra àga nínú kọ́mítì tí kò ní orúkọ. Àpò ìrẹsì rẹ̀ wà lẹ́yìn máṣíìnì mi, ìyá mi ló ní kí n dá a padà. Mo jù ú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo kó ọ̀dínátẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó wà níbẹ̀. Kò dá mi dúró.

Ọ̀dọ̀ Tàǹtí Awaou ni mo gbà lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìdúró mí. Kò pariwo. Ó ti ilẹ̀kùn atẹlíẹ̀. Ó ní, "Ọkọ wo ni?"

"Kò dárúkọ."

"Mo mọ̀ ọ́n." Ó mú klé tuntun kan nínú dúrọ́ọ̀ tó ń kó okùn rírán sí. "Sọ ohun tí mo máa ṣe."

Rézò tirẹ̀ la fi gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Eku Dúdú. Ihò ṣì wà lára ẹ̀rọ Tàǹtí ní gbogbo àsìkò tí a fi jókòó yẹn, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń po tíì fún mi. Ó ní, "Obìnrin mọ́kànlélógójì ló wà nínú ibẹ̀, Wahab. Má sáré jù lójú ọ̀nà."

Mo padà sí Manigri. Oumou ti múra sílẹ̀ lẹ́yìn aṣọ.

"Sẹ́ẹ̀tì."

"Sẹ́ẹ̀tì."

"A."

"A."

"Katíríì."

"Katíríì."

Ìyá mi fi èkùrọ́ sílẹ̀, ó ń gbọ́ wa. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. A pàrọ̀ ipò, a tún un kà. Ó bára mu látòkè délẹ̀. Mo tẹ gbólóhùn ìyá bàbá wa. Mo ṣì í lẹ́ẹ̀mejì. Mo fọwọ́ sí i. Eku Dúdú ti fi iṣẹ́ kejì sínú klé náà, ó ní orúkọ Kamarou wà nínú ìwé àwọn tó láṣẹ láti gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fún Àká, pé Al-Amin ló fi í síbẹ̀. Dájúdájú, Al-Amin ni. Èmi ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òmùgọ̀ ni lórí ọ̀rọ̀ èèyàn. A ka ìlà ìyẹn náà, a yọ orúkọ rẹ̀. Mo gbé klé padà fún Tàǹtí Awaou, ó tú méjèèjì sáyé. Òun ló kọ́kọ́ dí ihò tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo wo ohun tí àwọn aláìmoore kọ. Èèyàn mẹ́rin ní ẹ ṣeun. Ọ̀kan ní ó pẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án, pé ẹni tó ń mójú tó Àká kò bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń lò ó mọ́. Ọ̀kan ní láti ìgbà tí òun ti gba iṣẹ́ tuntun, orin òun ò dún dáadáa. Mo kà á fún Oumou láti ìta aṣọ.

Eku Dúdú pè lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ní àwọn fẹ́ mọ ẹni tí yóò di kọ́kọ́rọ́ mú. Mo ní kó wá ẹlòmíràn, pé èmi kò ṣe mọ́, pé mo fẹ́ padà sí oko. Oumou ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ sọ fún un pé èmi ni."

Mo ní, "Oumou, o mọ ohun tí wọ́n jẹ́."

"Mo mọ̀. Èmi ló ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n yín lórí ẹní, kì í ṣe ẹ̀yin." Ó fà sún mọ́ aṣọ náà, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. "Ọ̀dínátẹ̀ yẹn ò ní jáde kúrò nílé yìí. Ẹ̀yin á máa gbé klé. Ẹ̀yin á máa bá mi kà á. Tí wọ́n bá fẹ́ bú èèyàn, èmi ni kí wọ́n máa bú. Mo ní àsìkò. Oṣù mẹ́ta ó lé ló kù fún mi nínú yàrá yìí."

Mo wo ìyá mi. Ìyá mi ń wo èkùrọ́.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ dúdú yẹn, mo sọ gbólóhùn náà fún un. Ó ní òun ti gbọ́. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, kò ṣì í.

Àwọn ará orí ẹ̀rọ kò tíì mọ ohun tó dé bá wọn. Wọ́n rò pé Al-Amin mìíràn ni. Kí wọ́n máa kó ẹ̀sùn bọ̀ wá bá Oumou. Òun ò ní sùúrù.